Ṣokoléètì Ẹ̀gbẹ́ Àmù

Bí ẹ bá gbé ṣokoléètì síwájú mi lónìí, màá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, màá sì rọra tì í padà. Àwọn ọmọ mi rò pé ìtọ̀ ṣúgà ni mò ń sá fún. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn, kò sì dùn ún sọ fún ọmọ ẹni. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà báyìí. Bàbá mi ti lọ, Màmá Kàbà náà ti lọ, Dúpẹ́ àbúrò mi kò sì fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá, ó wá ku èmi nìkan tí mo mọ bó ṣe rí gan-an. Tí n kò bá sọ ọ́, á bá mi wọlẹ̀ lọ ni. Mi ò sọ pé èmi nìkan ni mo jẹ̀bi o. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwa tí a wà nínú yàrá yẹn, èmi nìkan ni mo mọ òótọ́, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sì ni mí, mi ò kéré tó bí àwọn èèyàn ṣe fẹ́ fi tù mí nínú.

Kàrú la wà lọ́dún náà, nínú ilé oníyàrá méjì kan tí bàbá mi gbà lọ́wọ́ bàbá Gwárí kan tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé. Abúja ìgbà náà kì í ṣe èyí tí ẹ̀ ń rí yìí. Lokogoma tí mo ń gbé báyìí, tí gbogbo ojúlé ní géètì, igbó ni nígbà náà. Kí oòrùn tó yọ dáadáa ni àwọn obìnrin Gwárí ti ń kọjá pẹ̀lú igi ìdáná lórí èjìká, nítorí wọn kì í ru ẹrù sórí bíi tiwa. Èmi àti Dúpẹ́ á gbé ìgbálẹ̀ sí èjìká, a ó máa tẹ̀ lé wọn títí Màmá Kàbà á fi pè wá padà. Tó bá di ọ̀sán, típà á bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, eruku pupa á bo aṣọ tí a sá. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ni wọ́n máa ń fi ẹ̀tù yin àpáta lórí òkè lọ́hùn-ún, ọmọrí ìkòkò á dún, Dúpẹ́ á sáré dì mọ́ mi. Bàbá mi, káfíńtà ni ní kọ́ńpìnnì òyìnbó kan tó ń kọ́ ilé ìjọba, òun ló ń kan pákó tí wọ́n ń da kọnkéré sí. Tó bá dé nírọ̀lẹ́, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á ní kí n wá bá òun yọ ẹ̀rún igi kúrò lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn gan-an. Kì í ṣe ẹni tó ń fọwọ́ kan ọmọ lọ títí, ìgbà yẹn nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń pẹ́ nínú tèmi.

Ìyá mi kò sí nílé. Kó tó lọ, epo pupa ló ń tà níwájú ilé wa, àwọn ará Kàbà ló ń kó o wá fún un, kò sì ní ra kẹ́ẹ̀gì kan láé láìjẹ́ pé ó tọ́ ọ wò. Á da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á gbóòórùn rẹ̀, á fi ahọ́n gbé e, á jẹ́ kó yí ẹnu rẹ̀ ká. Ojú rẹ̀ á dákẹ́ bíi ti ẹni tó ń gbàdúrà. Lẹ́yìn náà á tu ú dànù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á wá sọ pé èyí dára, tàbí pé èyí ti pẹ́ kí wọ́n tó sè é, tàbí pé wọ́n ti da nǹkan mọ́ ọn. Mi ò rí i kó ṣì í rí. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ibi tó ń tu epo sí pupa títí di ìgbà tí a fi kó kúrò nílé náà. Ẹnjiníà òyìnbó kan wà ní kọ́ńpìnnì bàbá mi, ará ilẹ̀ Faransé, ìyàwó rẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Màdáàmù bí ìbejì, ìyá mi sì máa ń lọ sí kám̀pù wọn láti bá a tọ́jú wọn. Ó ń pọn wọ́n ni. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ òyìnbó yẹn kì í fi í sùn mọ́ àfi lẹ́yìn ìyá mi. Nígbà tí iṣẹ́ ọkọ Màdáàmù parí tí wọ́n fẹ́ padà sí ìlú wọn, Màdáàmù wá sílé wa, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì bàbá mi, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ̀ǹda ìyàwó rẹ̀ fún ọdún méjì péré. Bàbá mi ló gbà, òun ló bọ Màdáàmù lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí ẹ rántí ìyẹn. Kò sí ẹni tó sá lọ nílé wa.

Màmá Kàbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ló wá láti ilé wá mójú tó wa. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó tọ́jú wa. Odó rẹ̀ ló ń jí àdúgbò lọ́jọ́ Sátidé, iyán rẹ̀ kì í ní kókó, tí ara wa bá sì gbóná, òun ni kì í sùn. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé ó ní èrò nípa gbogbo èèyàn, kì í sì í pa á mọ́ra. Tó bá ti sọ̀rọ̀ èèyàn tán, á nu ẹnu, á ní, "Tèmi ni mo ń sọ." Ẹni tó bá fẹ́ bá a jiyàn kò ní rí ibi dì mú mọ́, torí tirẹ̀ ló ń sọ.

Òun ló gba ṣokoléètì tọ́jú. Ìyá mi máa ń fi í ránṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn òyìnbó kọ́ńpìnnì tó bá lọ sinmi nílé tí wọ́n sì ń padà bọ̀, bíi ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. A ò ní fíríìjì. Àmù ńlá kan wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, orí iyanrìn tútù ló jókòó sí, Màmá Kàbà á wé ṣokoléètì náà sínú ọ̀rá, á kó o sínú agolo, á rì í sínú iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, á tún da omi sí i. Tí ooru oṣù Kẹta bá mú, ó ń yọ́ náà ni, a kàn ń lá bébà rẹ̀ bí ẹni ń lá oyin. Tí a bá dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ̀rún kan fún mi, ẹ̀rún kan fún Dúpẹ́. Ẹni tó bá fọ́ àwo láàárín ọ̀sẹ̀, tàbí tó bá fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, kò ní jẹ. Òun fúnra rẹ̀ tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó jọ àgbo tí wọ́n fi ṣúgà sí, kò sì jẹ ẹ́ mọ́. Ìyá mi fi ṣokoléètì yẹn ránṣẹ́ kí a lè mọ̀ pé òun ń rántí wa. Nígbà tó fi máa dé ẹnu wa, ọ̀dọ̀ Màmá Kàbà ló ti ń wá.

Ìyá mi kò mọ̀ ọ́n kọ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ohùn rẹ̀ ló fi ń kọ lẹ́tà. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ń lọ tó ń bọ̀. Tó bá dé, a ó jókòó lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, bàbá mi á gbé rédíò sórí àga, á lé adìẹ jáde, á ti ilẹ̀kùn, a ó gbọ́ ọ. Tí òyìnbó tó máa mú un padà bá ti fẹ́ gbéra, bàbá mi á yí kásẹ́ẹ̀tì náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, a ó sì sọ̀rọ̀ tiwa lé orí tirẹ̀. Bí gbogbo àdúgbò ṣe ń ṣe é nìyẹn. Màmá Kàbà ló ń ṣíwájú, á ní "Òkun o," bí wọ́n ṣe ń kíni ní Kàbà, á ki ìyá mi ní oríkì ilé wọn, bàbá mi á sọ tirẹ̀, á wá kan àwa ọmọ. Gbogbo ìgbà tí a bá ti dá ìyá mi lóhùn ni a ti pa ohùn rẹ̀ rẹ́. Kò sí ẹni tó rò pé ó yẹ kí a tọ́jú ohùn èèyàn tó ń bọ̀ wálé.

Òjò ti ń dáwọ́ dúró nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì tí mò ń sọ yìí dé. Ìrẹsì la jẹ lọ́jọ́ náà, mo rántí nítorí bàbá mi kò jẹ tirẹ̀ tán kó tó lọ gbé rédíò. Inú ìyá mi dùn nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, ó hàn látìbẹ̀rẹ̀. Ó kí bàbá mi, tó ń pè ní Bàbá Mọ́rẹ́ nítorí èmi àkọ́bí, kú iṣẹ́, ó kí Màmá Kàbà, ó bi wá bóyá a ń wẹ ẹsẹ̀ kí a tó sùn. Ó ní obìnrin kan ń ṣe ṣokoléètì lábúlé tí wọ́n wà, pé gbogbo Sátidé ni obìnrin náà máa ń pè é wọlé, á gbé àwo jáde, á ní kó mú èyí tó bá wù ú. Ó ní wọ́n ń fi èèpo ọsàn sínú òmíràn, wọ́n ń fi iyọ̀ sínú òmíràn. Ó ní òun kọ́kọ́ rò pé wọ́n ṣèèṣì da iyọ̀ sí i ni, òun wá sọ ọ́ lójú obìnrin náà pé ó ti bàjẹ́, gbogbo ilé ìtajà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, Dúpẹ́ ń rẹ́rìn-ín, bàbá mi pàápàá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wá kan ọ̀rọ̀ bàbá tó bí Màdáàmù, tó ní oko àjàrà.

"Lánàá, wọ́n mú mi lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ níbi tí wọ́n ń kó àgbá wáìnì sí. Ife mẹ́fà ni wọ́n tò síwájú mi. Mo tọ́ gbogbo rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sọ èyí tó dára, mo sọ èyí tí kò dára. Bàbá náà ní ahọ́n mi mú ju ti àwọn ọmọ òun lọ. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́ fún yín. Láti ìgbà tí mo ti dé ibí, inú mi ò dùn báyìí rí."

Bàbá mi na ọwọ́, ó pa rédíò.

Mo ní láti sọ fún yín pé ìjọ wa kì í fẹnu kan ọtí. Tí a bá fẹ́ jẹ Oúnjẹ Olúwa, zóbò ni àwọn ìyá ìjọ ń sè, òun la fi ń ṣe é. Díákónì sì ni bàbá mi, òun ló ń gbé àwo yẹn káàkiri pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun. Màmá Kàbà na ìka mẹ́fà sókè, ó wò wọ́n. Ó ní, "Sàmúẹ́lì, ife mẹ́fà. Lábẹ́ ilẹ̀, láàárín àwọn ọkùnrin. Ó sì ń fi í rẹ́rìn-ín sí wa létí. Tèmi ni mo ń sọ." Nígbà tí bàbá mi sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọtí ló sọ. Ó ní, "Inú rẹ̀ dùn. Ó ní láti ìgbà tóun ti débẹ̀, inú òun ò dùn báyìí rí." Ọmọdé ni mí, mo rò pé ọtí ló ń bí i nínú. Ọjọ́ tí èmi náà ní ọkọ tí ọkọ náà rìnrìn àjò ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe ọtí. Ó fẹ́ kí ìyá mi máa sunkún ní ilẹ̀ Faransé. Kò mọ̀ pé òun fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kò sì gbọ́ ìyókù. Lọ́jọ́ kejì, mo dé láti ilé ẹ̀kọ́, Màmá Kàbà àti Dúpẹ́ ti lọ tò sídìí táńkà omi, rédíò ṣì wà lórí àga níbi tí bàbá mi pa á sí. A ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan rédíò nílé wa. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, oṣù kan gbáko ni Màmá Kàbà máa ti agolo mọ́ ọn. Mo fọwọ́ kàn án. Àárò ìyá mi ń sọ mí, ohùn rẹ̀ lásán ni mo fẹ́ gbọ́.

"Kẹ́ ẹ má rò pé mo gbé e mì o," ìyá mi ń rẹ́rìn-ín. "Wọn kì í gbé e mì. Korobá kan wà níwájú ẹni, inú rẹ̀ lèèyàn ń tu ú sí. Mo ní ẹ wo nǹkan, iṣẹ́ epo tí mò ń ṣe ní Kàrú náà kọ́ nìyí? Mo tu gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹ̀yin náà ẹ rántí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri." Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó dà bí ẹni pé ó sún mọ́ rédíò. "Bàbá Mọ́rẹ́, àárò yín pọ̀ lára mi. Tí mo bá jí láàárọ̀, mo kọ́kọ́ máa ń wá ohùn àwọn ọmọ. Màdáàmù ní tí mo bá fẹ́ padà sílé pátápátá lóṣù Kejìlá, òun máa san owó báàlù, òun ò ní bínú pé ọdún méjì ò pé. Ohun tí ẹ bá sọ ni màá ṣe. Mọ́rẹ́, ìwọ náà bá mi sọ ọ́, ìwọ ni àgbà ọmọ. Ṣé kí n máa bọ̀?"

Ó tán síbẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kàn ń yí, ó ń dún ṣììì. Mo yí i padà síbi tí bàbá mi pa á sí gẹ́lẹ́, mo sì lọ fọ àmù bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe. Mo ń bi ara mi títí di òní ìdí tí mi ò fi sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí ọwọ́ bàbá mi wà nínú ọwọ́ mi tí mò ń bá a yọ ẹ̀rún igi. Mo la ẹnu. Màmá Kàbà ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo rántí agolo, mo pa ẹnu dé. Mo tún sọ fún ara mi pé bàbá mi máa gbọ́ ìyókù kó tó fèsì, àgbà ni, àgbà kì í dáhùn ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ parí. Mo gbà á gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ṣe rí.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ránṣẹ́ láti kám̀pù pé òyìnbó kan ń lọ lọ́jọ́ kejì. Bàbá mi dé láago mẹ́ta, ó lé adìẹ jáde, ó ti ilẹ̀kùn. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Kò gbọ́ ìyókù. Ó yí kásẹ́ẹ̀tì náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì méjèèjì tó ń gba ohùn sílẹ̀ papọ̀. Màmá Kàbà ní "Òkun o," kò sì ki oríkì kankan, ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bàbá mi wá sọ tirẹ̀. Ó ní, "Ìyá Mọ́rẹ́, a gbọ́ ohun tí o sọ. Tó bá jẹ́ ọtí lo rí tí inú rẹ fi dùn, jókòó tì í. Ilé yìí kì í ṣe ilé ọ̀mùtí." Ó sún rédíò sọ́dọ̀ wa, ó sì dá a dúró ná. Màmá Kàbà rọra sọ fún un pé ohùn ọmọ ló máa ń dun ìyá jù, pé tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ, á ronú. Ó ní kí Dúpẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó má wá mọ́. Dúpẹ́, ọmọ ọdún márùn-ún, pa ẹnu dé pinpin, ó mi orí. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn, kò la ẹnu. Màmá Kàbà wá dìde lọ sídìí àmù, ó gbé agolo jáde nínú iyanrìn, ó mú ṣokoléètì kan tí a ò tíì fọ́ jáde, odindi, èyí tí wọ́n ya òkè yìnyín sára bébà rẹ̀. Ó gbé e sókè kí n rí i, ó sì fi ojú bá mi sọ̀rọ̀.

Mo wo bàbá mi. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo sún mọ́ rédíò, Màmá Kàbà tún tẹ bọ́tìnì, mo dúró bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti máa dúró ka ẹsẹ Bíbélì níwájú ìjọ, mo sì sọ ọ́ kedere.

"Mọ́mì, ẹ má wá mọ́. A ò fẹ́ ìyá tó ń mu ọtí."

Mo mọ̀ pé ó tu ú dànù. Mo mọ̀ pé èmi ló ní kí n sọ fún òun bóyá kóun máa bọ̀. Mo gba ṣokoléètì mi, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sì jẹ ẹ́ tán pátápátá kí wọ́n tó yin àpáta lọ́jọ́ náà. Mo fún Dúpẹ́ ní ẹ̀rún kan, ó jù ú sílẹ̀.

Nígbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ohun tí àwọn àgbà yẹn rò pé àwọn ń ṣe. Lọ́dọ̀ wa, tí ọkọ bá bínú sí ìyàwó, tó ní kó má wọ ilé òun mọ́, kò sí ẹni tó gbà pé bẹ́ẹ̀ ló fẹ́. Ẹ̀bẹ̀ ló ń retí. Ìyàwó á lọ bá àgbà kan, àgbà náà á mú un wá, á kúnlẹ̀, ọkọ á ṣe bí ẹni pé òun ò gbà, á wá gbà, wọ́n á jẹun. Bàbá mi ń retí ẹ̀bẹ̀. Ta ni ìyá mi fẹ́ rán? Màdáàmù ni? Àwọn ọmọ ìbejì ni? Kò ní àgbà kankan níbẹ̀ tó máa bá a bẹ ọkọ rẹ̀, ohùn wa nìkan ló ní, ohùn wa sì ti ní kó má wá. Ní oṣù Kejìlá, bàbá mi kun ilẹ̀kùn wa ní ọ̀dà tuntun. Ó ra ẹní. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ sí kám̀pù lọ béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ń bọ̀ láti Faransé, ní ọ̀sẹ̀ Kérésì ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ láti àárọ̀. Bàbá onílé wa rí i bó ṣe ń padà bọ̀, ó kí i ní "Sànnu," bàbá mi kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́.

Oṣù kejì ọdún tuntun ni ẹrù dé. Aṣọ wà níbẹ̀, bàtà wà níbẹ̀, ṣokoléètì mẹ́rin wà níbẹ̀. Kò sí kásẹ́ẹ̀tì. Ìwé pélébé kan ló wà, tí ìyá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ pẹ̀lú ìnira: "Mo ti gbọ́. Màá ṣe bí ẹ ti wí." Bàbá mi kà á, ó tún un kà. Ó ní, "Ó yẹ kó bẹ̀ mí ni." Màmá Kàbà wà níbẹ̀, ó la ẹnu, kò sì sọ tirẹ̀. Ó kó ṣokoléètì náà sínú agolo, ó rì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ àmù, kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀ mọ́ títí èèrà fi jẹ ẹ́ tán.

Ìyá mi kò wá sílé mọ́ láé. Aṣọ ń dé, owó ilé ẹ̀kọ́ ń dé, ohùn kò dé. Mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga nígbà tí lẹ́tà Màdáàmù dé pé àìsàn ti gbé ìyá mi lọ, pé wọ́n ti sin ín sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wọn. Bàbá mi pọ́n ayùn rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ síbi iṣẹ́. Mi ò sọ ohun tí mo gbọ́ nínú rédíò fún un títí òun náà fi kú. Ní ìparí, mo sọ fún ara mi pé kí n má fi bà á lọ́kàn jẹ́. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ọmọbìnrin mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù mú mi lọ sí abúlé náà. Màdáàmù ti di arúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn, àmọ́ bó ṣe rí mi, ó ní "Ẹ káàbọ̀," nígbà tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní "Má sunkún mọ́, ọmọ mi," ó sọ ọ́ bí ìyá mi ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn ìbejì gẹ́lẹ́. Ọmọ mi ń ṣe ògbufọ̀. Wọ́n mú mi lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, ibẹ̀ tutù bí ẹ̀gbẹ́ àmù, wọ́n gbé ife wá, wọ́n gbé ṣokoléètì oníyọ̀ wá. Màdáàmù ní bàbá òun kò jẹ́ ta àgbá kan láìjẹ́ pé ìyá mi tọ́ ọ wò, pé inú ìyá mi máa ń dùn níbẹ̀, inú ilé lókè nìkan ni inú rẹ̀ kì í ti í dùn. Mo tọ́ wáìnì náà wò. Mo tu ú sínú korobá, Màdáàmù pàtẹ́wọ́, ó ní bó ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mi ò lè gbé ṣokoléètì sẹ́nu. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ó gbé agolo bísíkíìtì kan fún mi, gèlè ìyá mi wà nínú rẹ̀, àwòrán èmi àti Dúpẹ́ wà nínú rẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì kan sì wà nínú rẹ̀. Ó ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ni ìyá mi máa ń ti ilẹ̀kùn, á gbọ́ ọ. Ó ní òun rò pé orin ìjọ wa ni.

Ó pẹ́ kí n tó rí rédíò tó lè lò ó. Ọkùnrin Ọ̀ṣun kan tó ń tún rédíò ṣe ní Durumi ló bá mi wá ọ̀kan, ó ní, "Mà, kí lẹ tún fẹ́ fi nǹkan àtijọ́ yìí ṣe?" Mo gbé e dé Lokogoma. Mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé e sórí àga. Màmá Kàbà ní "Òkun o." Bàbá mi sọ tirẹ̀, ohùn rẹ̀ kéré ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ. Mo gbọ́ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe sún rédíò lórí igi. Ohùn ọmọdébìnrin kan wá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kedere, kò kọsẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bébà ṣokoléètì dún, ó dún pẹ́, kò sí bí ẹni tó ra ṣokoléètì náà ò ṣe ní mọ ohun tó ń dún. Ọmọ náà ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Lẹ́yìn náà ohùn wa já.

Mo na ọwọ́ láti pa á. Mi ò tíì kàn án nígbà tí ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Èsì wa kúrú ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, a ò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ìyá mi ń sọ pé òun tu gbogbo rẹ̀ dànù, kí a rántí òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tó fi wà láyé, ohun tó ń gbọ́ nìyẹn: èsì wa ló ń kọ́kọ́ dé, bébà á dún, òun náà á wá béèrè. Mo jókòó, mo gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Mọ́rẹ́, ìwọ náà bá mi sọ ọ́, ìwọ ni àgbà ọmọ. Ṣé kí n máa bọ̀?"

Mo ní, "Ẹ máa bọ̀, Mọ́mì." Kásẹ́ẹ̀tì náà ń yí lọ.